Sọ̀wédowó Tí Martin Luther King Gbé Lọ sí Washington: Àlàyé lórí Ọnà Èdè

Bí ẹ bá dárúkọ Martin Luther King fún ẹni tó ti jókòó ní kíláàsì rí, ohun tí yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni àlá. Òótọ́ ni, King sọ̀rọ̀ nípa àlá. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé orí àlá lọ́jọ́ náà, ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, níwájú ilé ìrántí Abraham Lincoln ní Washington, ọ̀rọ̀ owó ló kọ́kọ́ bá nǹkan bí 250,000 èèyàn tó pé síbẹ̀ sọ. Ó ní àwọn wá sí olú-ìlú Amẹ́ríkà láti wá gba owó sọ̀wédowó kan. Kò sí ìwé báńkì kankan lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí akápò tó ń dúró dè é. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó pè é ní òpùrọ́, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà rú lójú.

Kí ni wọ́n gbọ́? Kí ló dé tí King kò fi kúkú sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé ìjọba ń rẹ́ àwọn èèyàn dúdú jẹ? Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí ti mọ púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí ọnà èdè ń ṣe, ìyẹn sì ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níbí.

Ohun tí à ń pè ní ọnà èdè

Ọnà èdè ni gbogbo ọ̀nà tí a ń gbà lo ọ̀rọ̀ kọjá ìtumọ̀ rẹ̀ ojoojúmọ́, tàbí tí a ń gbà to gbólóhùn kí ó lè wọ olùgbọ́ létí kí ó sì dúró síbẹ̀. A kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí i. Ìyá tó bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ ti lo àfiwé tààrà, nítorí ọ̀rọ̀ náà "bí" wà níbẹ̀ tó so ẹnu pọ̀ mọ́ abẹ. Bó bá ní abẹ ni ẹnu ọmọ náà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ló lò: ó ti sọ nǹkan kan di nǹkan mìíràn pátápátá. Bí a bá ní ebi ń pa wá, a ti fún ohun tí kò lẹ́mìí ní ìṣe ẹ̀dá alààyè, ìfohunpènìyàn nìyẹn. Bí ọba bá kú tí a ní ó wàjà, àdàpè ni. Bí a bá ń béèrè ohun tí gbogbo èèyàn ti mọ ìdáhùn sí, ìbéèrè pèsìjẹ ni. Bí gbólóhùn kan náà bá sì ń pa dà wá léraléra, àwítúnwí la pè é.

Ọgbọ́n ìsọ̀rọ̀ gbòòrò jù èyí lọ. Òun ni bí ẹni tó fẹ́ yí àwùjọ lérò padà ṣe ń ṣètò ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Aristotle, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Gíríìsì tó gbé ayé ní ohun tó ju 2,300 ọdún sẹ́yìn, sọ pé ohun mẹ́ta ló ń mú kí èèyàn gba ọ̀rọ̀ gbọ́: irú ẹni tí olùsọ̀rọ̀ fi ara rẹ̀ hàn pé òun jẹ́, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe mú ọkàn olùgbọ́, àti ẹ̀rí tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ọnà èdè lè ṣiṣẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àṣìlóye méjì ló wọ́pọ̀ nípa rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé irọ́ ẹlẹ́wà ni. Rárá o. Òpùrọ́ kò fẹ́ kí o mọ̀ pé ohun tí òun wí yàtọ̀ sí ohun tó wà nílẹ̀. Ẹni tó lo àfiwé, ẹ̀wẹ̀, ń retí pé kí o mọ̀ ọ́n. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́. Ẹni tó gbọ́ pé abẹ ni ẹnu ọmọ, tó wá lọ ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri, kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Èkejì ni pé ọ̀ṣọ́ ni, pé olùsọ̀rọ̀ ti ní èrò rẹ̀ pérépéré kó tó wá ọnà èdè lé e lórí. Èyí ló burú jù lójú mi, nítorí ilé ẹ̀kọ́ ló ń tì í lẹ́yìn. A ń kọ́ ọmọ láti dárúkọ: èyí àfiwé, èyí àwítúnwí, ó gba máàkì méjì, ó kọjá lọ. Orúkọ dára, ṣùgbọ́n orúkọ kò sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ṣe fún ẹni tó gbọ́ ọ.

Ìwé gbèsè náà

Ẹ jẹ́ ká pa dà sí ọ̀rọ̀ King ká tú u wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1776, nígbà tí Amẹ́ríkà ń já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìkéde wọn pé ọgbọọgba ni Ọlọ́run dá gbogbo èèyàn, pé olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ sí ìyè àti òmìnira. King sọ pé ìwé yẹn, pẹ̀lú òfin ilẹ̀ náà, jẹ́ ìwé àdéhùn gbèsè: irú ìwé tí onígbèsè máa ń fọwọ́ sí pé dandan ni kí òun san owó. Gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà ni àdéhùn náà wà fún, dúdú àti funfun. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan èèyàn dúdú, sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí ni orílẹ̀-èdè fi lé e lọ́wọ́. Ó gbé e dé báńkì, wọ́n dá a padà pé owó kò tó. King ní òun kò gbà pé báńkì ìdájọ́ òdodo ti wó. Nítorí náà ni àwọn ṣe wá.

Ẹ kíyè sí i bí gbogbo ẹ̀ka àfiwé náà ṣe bá ara wọn mu. Ìwé ìkéde ni àdéhùn, orílẹ̀-èdè ni onígbèsè, ẹ̀tọ́ ni owó, ìdájọ́ òdodo ni báńkì, ìyà tí wọ́n fi ń jẹ èèyàn dúdú sì ni sọ̀wédowó tó pa dà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni King fi ṣe àfiwé, odindi ìtàn ni. Ẹni tó bá sì ti gba apá kan ìtàn náà yóò ṣòro fún un láti kọ ìyókù.

Ohun tó tóbi jù tí àfiwé yìí ṣe ni pé ó yí ipò àwọn tó wà lórí pápá náà padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn funfun nígbà náà, títí kan àwọn tó láàánú lójú, ń wo èèyàn dúdú bí ẹni tó ń tọrọ ojú rere. Wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú sọ̀wédowó dání kò tọrọ ohunkóhun. Òun la jẹ ní gbèsè. A mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa dáadáa. Láyé àtijọ́, àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tí à ń pè ní òṣómàáló máa ń tajà ní àwìn láti abúlé dé abúlé. Lọ́jọ́ tí gbèsè bá pé, wọn á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò sì ní dìde títí owó yóò fi wọlé. Ẹni tó lóṣòó síbẹ̀ kì í ṣe alágbe, kò sì sí ìtìjú lójú rẹ̀. Onílé ni ìtìjú wà fún. Irú ìdúró yẹn ni King fún àwọn èèyàn rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn díẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ síwájú sí i nígbà tó ń tún un sọ pé àwọn kò ní ní ìtẹ́lọ́rùn níwọ̀n ìgbà tí ọlọ́pàá bá ń hùwà ìkà sí àwọn, níwọ̀n ìgbà tí arìnrìn-àjò dúdú kò bá lè rí yàrá sùn ní ilé ìtura ojú ọ̀nà, níwọ̀n ìgbà tí èèyàn dúdú Mississippi kò bá lè dìbò.

Ó tún ṣe nǹkan mìíràn. King kò bú àwọn tó kọ ìwé 1776, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn ló ní ẹrú. Ó gba ìwé wọn pé ó dára. Ẹni tó bá fẹ́ ta kò ó yóò kọ́kọ́ ní láti sọ pé ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fi ń yangàn kò níye lórí. Ẹ̀rí tó lágbára nìyẹn, inú àfiwé ló sì wà. Bí ẹ bá yọ sọ̀wédowó náà kúrò nínú ọ̀rọ̀ King, kì í ṣe ẹwà rẹ̀ nìkan ni yóò dín kù. Àlàyé rẹ̀ náà yóò wó.

Ibo ni àfiwé náà ti wá? Clarence Jones, agbẹjọ́rò tó bá King kọ apá ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ti ròyìn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, ní oṣù Kẹrin ọdún 1963, wọ́n ń wá owó láti fi gba ìdúró àwọn tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n níbi ìwọ́de ní Birmingham. Nelson Rockefeller, gómìnà New York, ló bá wọn wá owó, Jones sì lọ gbà á ní báńkì Chase Manhattan. Kí wọ́n tó gbé owó lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn gbèsè. Ìwé yẹn ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó jókòó ti ọ̀rọ̀ tí King yóò sọ. Àfiwé tó dára kì í sábà já láti ojú ọ̀run. Inú ìgbésí ayé ni wọ́n ti máa ń ṣà á.

Owó gidi pàápàá kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Ìwọ́de fún iṣẹ́ àti òmìnira ni orúkọ tí A. Philip Randolph, Bayard Rustin àti àwọn yòókù tó ṣètò ìpéjọ náà fún un, lára ohun tí wọ́n sì béèrè ni pé kí owó iṣẹ́ tó kéré jù má ṣe dín sí dọ́là méjì fún wákàtí kan. Àwọn tó gbọ́ nípa sọ̀wédowó lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mọ bí àpò òfìfo ṣe ń rí.

Àlá tó ń pa dà wá

Àwọn kan rò pé àlá ojú oorun ni King ń rọ́. Àwọn mìíràn gbọ́ pé ojú ẹsẹ̀ ló hùmọ̀ rẹ̀. Òótọ́ wà láàárín. Àlá náà kò sí nínú ìwé tó gbé lọ́wọ́ wá. Mahalia Jackson, olórin ẹ̀mí tó wà nítòsí rẹ̀, ló ké sí i pé kó sọ ti àlá náà fún wọn. King fi ìwé sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti inú. Ṣùgbọ́n ohun tó ti sọ rí ni. Ó ti sọ ọ́ ní Detroit ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà. Mahalia mọ ohun tó ń béèrè.

Àwítúnwí ló gbé apá yìí ró. Gbólóhùn kan náà, pé òun ní àlá kan, ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Nítorí pé olùgbọ́ ti mọ ìbẹ̀rẹ̀, etí rẹ̀ sinmi lórí rẹ̀, ó wá ń dúró de ohun tuntun tí yóò tẹ̀ lé e. Pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ni King, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà sì rèé, oníwàásù kì í dá sọ̀rọ̀: bó ṣe ń lé ni ìjọ ń gbè. Lọ́jọ́ náà, pápá tó kún fọ́fọ́ di ìjọ rẹ̀. Ohun tuntun tó ń fi kún un kọ̀ọ̀kan kò sì ṣèèṣì bọ́ síbi tó bọ́ sí. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orílẹ̀-èdè lódindi, ó bọ́ sí ìpínlẹ̀ Georgia, ó dé Mississippi, ó wá dé orí ọmọ mẹ́rin tí òun fúnra rẹ̀ bí. Ọ̀rọ̀ tó gbòòrò bí ilẹ̀ di ti ilé bàbá kan.

Nígbà tó ń parí, ó ń dárúkọ àwọn òkè tó fẹ́ kí òmìnira ti dún. New Hampshire, New York, Pennsylvania, Colorado, California. Ìhà Àríwá àti ìhà Ìwọ̀-Oòrùn ni gbogbo wọn, kò sí èyí tó lè ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó ní kì í ṣe ibẹ̀ nìkan, ó sì dárúkọ Stone Mountain ní Georgia. Orí òkè yẹn gan-an ni àwọn Ku Klux Klan, àwọn funfun tó ń fi ìwà ipá dẹ́rù ba èèyàn dúdú, ti tún ẹgbẹ́ wọn dá sílẹ̀ ní ọdún 1915. King kò sọ ìtàn yẹn. Kò ní láti sọ ọ́. Ọmọ Georgia ni òun náà, àwọn tó ti ìhà Gúúsù wá sì mọ orúkọ tó dá. Ìtọ́kasí là ń pe irú èyí: olùsọ̀rọ̀ kan nǹkan lẹ́ẹ̀kan, olùgbọ́ á fi ohun tó ti mọ̀ parí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe tó yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wòlíì Ámósì àti Aísáyà, tí kò dárúkọ wọn. Ẹni tó mọ Bíbélì gbọ́ ohùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbí ní itẹ́ òkú

King tọ́ka sí Lincoln náà, ẹni tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà ogun abẹ́lé, kì í sì ṣe nítorí pé ère rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan. Ọgọ́rùn-ún ọdún ló pé ní 1963 tí Lincoln kéde òmìnira àwọn ẹrú. King fi ogún-ogún ka ọdún náà, bí Lincoln ti ṣe ní Gettysburg ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 1863, ní ìkà tí kò lè ṣàjèjì sí wa nílẹ̀ Yorùbá.

Ní Gettysburg, itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀. Edward Everett, olùsọ̀rọ̀ tó lókìkí nígbà náà, ti fi nǹkan bí wákàtí méjì sọ̀rọ̀ kí Lincoln tó dìde. Lincoln lò tó ìṣẹ́jú méjì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tó 300. Àwòrán kan ṣoṣo ló gbá wọn pọ̀: ìbí ọmọ. Àwọn bàbá lóyún orílẹ̀-èdè náà, wọ́n bí i. Ogun wá ń dán an wò bóyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè yè. Àwọn tó sùn sínú ilẹ̀ náà fi ẹ̀mí wọn lélẹ̀ kó lè yè. A ó sì tún òmìnira bí. Kò dárúkọ ẹrú, kò dárúkọ ọ̀tá. Ó dúró láàárín sàréè, ó ń sọ̀rọ̀ ìbí, àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ sì rí ìdí kan tí ikú ọmọ wọn kò fi jẹ́ òfo.

Ìyìn tó di èébú

Ọnà èdè lè wí ohun kan kí ó sì máa fa olùgbọ́ sí òdì rẹ̀. Kò sí ibi tí mo mọ̀ tí èyí ti hàn bíi nínú eré Julius Caesar tí Shakespeare kọ, tí wọ́n ti ń ṣe ní London láti ọdún 1599. Brutus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa Caesar, alákòóso Róòmù. Brutus bá ará ìlú sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tò, ìlú sì gbà á. Wọ́n wá yọ̀ǹda fún Antony, ọ̀rẹ́ Caesar, láti sọ̀rọ̀ níbi òkú, pẹ̀lú àdéhùn pé kò gbọdọ̀ dá àwọn tó pa Caesar lẹ́bi.

Antony pa àdéhùn mọ́ lẹ́nu. Ó ní ẹni iyì ni Brutus. Ó wá rántí pé Caesar kó ẹrú ogun wálé, owó ìràpadà wọn sì kún àpò ìlú. Ó tún ní ẹni iyì ni Brutus. Ó rántí pé nígbà tí tálákà sunkún, Caesar bá wọn sun ún. Ẹni iyì ni Brutus. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun gbé adé fún Caesar, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìyìn náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tó ń bá a rìn ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ará ìlú fi fi ẹnu ara wọn sọ pé ọ̀dàlẹ̀ ni Brutus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Antony kò sọ ọ́ fún wọn. Àwọn ló sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ ní òun kò mọ ọ̀rọ̀ sọ bíi Brutus. Lẹ́yìn náà ló fi aṣọ Caesar tí ọ̀bẹ ti ya hàn wọ́n, ó sì ka ìwé ìpíngún rẹ̀.

Àwọn kan máa ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé Antony gan-an ló sọ ọ́ ní Róòmù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n pa Caesar ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Shakespeare ni ọ̀rọ̀ inú eré náà. Inú ìwé Plutarch, òǹkọ̀tàn ará Gíríìsì, tí Thomas North túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1579, ló ti rí ìtàn náà. Shakespeare kò sì fi ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè já sí pamọ́. Àwọn èrò tó tú jáde mú akéwì kan tó ń jẹ́ Cinna, nítorí pé orúkọ rẹ̀ jọ ti ọ̀kan nínú àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ó ké pé akéwì lòun. Wọn kò dá a sí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń bo nǹkan mọ́lẹ̀

Àdàpè ló yẹ kí a ṣọ́ jù lójú tèmi, nítorí òun ló ń wọlé láìpariwo. Kì í ṣe ohun búburú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. A ní ọba wàjà nítorí ọ̀wọ̀. A ní ilẹ̀gbóná nítorí ẹ̀rù àrùn tí a kò fẹ́ dárúkọ. Gbogbo wa la mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdàpè mìíràn wà tí wọ́n dá kí a má baà mọ̀. Ní ọdún 1946 George Orwell, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé pé wọ́n ń ju bọ́ǹbù sí abúlé tí kò ní ààbò, wọ́n ń lé ará ibẹ̀ sínú ìgbẹ́, wọ́n sì ń pe èyí ní mímú ìlú rọ̀. Iléeṣẹ́ tó lé òṣìṣẹ́ dànù lónìí yóò ní àtúntò ni àwọn ṣe. Àwọn bàbá wa ti rí i tipẹ́ tí wọ́n fi ní àdàpè olè ni "ọmọ ń fẹ́wọ́".

Báwo ni a ṣe ń mọ èyí tó ń ṣípayá yàtọ̀ sí èyí tó ń bò mọ́lẹ̀? Dá ohun gidi padà sí àyè rẹ̀, kí o wò ó. Fi "wọ́n fi ẹ̀tọ́ wa dù wá" sí àyè sọ̀wédowó King: ọ̀rọ̀ náà kò dára tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ rẹ̀ kò yí padà. Fi "wọ́n pa ará abúlé" sí àyè "mímú ìlú rọ̀": olùsọ̀rọ̀ kò ní fẹ́ kí o ka gbólóhùn yẹn síta. Lẹ́yìn ìyẹn, béèrè ibi tí wọ́n ti mú àfiwé wá, ta ló mọ ibẹ̀ láàárín àwọn tó ń gbọ́, àti ipò wo ni ọ̀rọ̀ náà fi olùgbọ́ sí: alágbe ni, ẹni tí a jẹ ní gbèsè ni, tàbí ẹni tó ní òkú láti gbẹ̀san. Fágúnwà pàápàá, ní ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, fi ìtàn rẹ̀ wé ìlù, ó sì fi òǹkàwé ṣe oníjó. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ wà fún àwa náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé kí ẹ má ṣe dúró lórí orúkọ mọ́. Bí ọmọ bá ti dá àfiwé mọ̀, ẹ bi í pé kí ni àfiwé náà ṣe fún ẹni tó gbọ́ ọ, àti pé kí ni ì bá sọnù bí a bá yọ ọ́. Ìdáhùn yẹn ni kí ẹ fún ní máàkì tó pọ̀ jù.